Emerencija tí Wọ́n ń Pè ní Davatka

Orúkọ méjì ni Emerencija Stulgytė ń jẹ́ ní Girvaliai, abúlé wa. Èyí tí Fadá fi ṣe ìrìbọmi fún un, àwọn arúgbó díẹ̀ nìkan ló kù tó ń fi pè é. Èkejì ni davatka. Bí ó bá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà odò, tó gbé garawa aṣọ pẹpẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àwọn ọmọ iléèwé á ba sẹ́yìn ọgbà, wọ́n á máa fi orin bú u: "Davatka, davatka, orúnkún rẹ ti yi bí awọ bàtà." Kì í wẹ̀yìn. Kì í sì í mú ẹsẹ̀ yá.

Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wa lè rò pé oyè ni. Kì í ṣe oyè. Bí wọ́n bá pe obìnrin ní davatka lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò rí ọkọ fẹ́, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé bí eku, pé ó ń gbàdúrà lójú ayé, ó sì ń ṣòfófó kiri lẹ́yìn àdúrà. Ìyá mi pàápàá máa ń fi í halẹ̀ mọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọge: "Bí o bá ń ṣa ọkùnrin báyìí, davatka lo máa dà."

Èmi Danguolė ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo di tíṣà èdè ní iléèwé Girvaliai lọ́dún 1969. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ohun tó dé bá obìnrin yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo dúró sí tí mo ń wòran.

Ọdún 1914 ni wọ́n bí i, ní oko bàbá rẹ̀ létí adágún. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pranciškus wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n gbà fún un, wọ́n ti dá ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé, ibà burúkú kan wọ abúlé, ó sì mú Kotryna, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń wá pákó pósí. Emerencija bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta tútù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ yẹn bá lè dìde, òun kò ní lọ́kọ láéláé, ti Ọlọ́run ni òun máa jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Kotryna ní òun fẹ́ mu wàrà.

Ó lọ sọ fún Pranciškus fúnra rẹ̀. Àwọn tó rí wọn ní ọkùnrin náà padà gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ níwájú ilé fún ìgbà pípẹ́, ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí ẹṣin padà. Abúlé míì ló ti gbéyàwó.

Ogun dé, ogun lọ, ìjọba Mọsíkò sì jókòó tì wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1949, àwọn sójà fi ọkọ̀ ẹrù wá kó àwọn tó ní ilẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n kó bàbá, wọ́n kó ìyá, wọ́n kó Kotryna, wọ́n dà wọ́n sínú rélùwéè tó ń lọ sí Siberia. Emerencija wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yẹn, ó ń nu ilẹ̀, bí wọn kò ṣe bá a nílé nìyẹn. Ní ìgbà òtútù kejì, lẹ́tà kan dé pé Kotryna ti kú. Ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ kọ ọkọ, yìnyín ilẹ̀ òkèèrè ló gbé e mì.

Nígbà tó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn, mo bi í léèrè bóyá kò rò pé Ọlọ́run rẹ́ òun jẹ. Ó ní: "Ọdún méjìdínlógún ló fi kún un. Mi ò bá A ṣàdéhùn iye ọdún." Àmọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó ti rò ó lọ rò ó bọ̀, pé ibi tí èrò náà dúró sí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Wọ́n sọ oko bàbá rẹ̀ di ara oko àjọṣe ìjọba. Ó ń fún wàrà màlúù níbẹ̀ títí eegun ọwọ́ rẹ̀ fi kọṣẹ́, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹni tó ń lu agogo ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ń fọ aṣọ pẹpẹ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń ṣa òdòdó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọdé á máa yọ́ wọ yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ́ wọn ní àdúrà àti katikísìmù, kí wọ́n lè gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òfin kò fàyè gba ìyẹn. Òbí lè kọ́ ọmọ tirẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, ẹ̀wọ̀n ló ń fà lọ́wọ́.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 1974, ọ̀gá iléèwé wa, Bružas, pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Danguolė, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní àdúrà?"

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"O mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ajá tó wà níta yẹn mọ̀. Kì í ṣe pé abúlé mọ̀ ló ń kó mi láyà sókè, pé wọ́n ti gbọ́ nílùú ni." Ó fi ọwọ́ gbo ojú. "Kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn ara ògiri. Jẹ́ kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí àwa fúnra wa bá kọ́kọ́ fi í ṣẹlẹ́yà, bóyá wọ́n á gbà pé a ti bá a wí, wọn ò ní wá mọ́."

Bružas kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ.

Mo jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè kí n lè mú kí ẹnu ọ̀rọ̀ náà mú dáadáa. Mo fẹ́ mọ ibi tí davatka ti wá. Mo rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Póláǹdì ni a ti yá a, pé àwọn náà mú un láti inú èdè Látìnì, èdè Máàsì àtijọ́. Ní Látìnì, ohun tó túmọ̀ sí ni obìnrin tí a fi ẹ̀jẹ́ yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìtàn Kotryna, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo pa ìwé náà dé, mo sì kọ ohun tí mo fẹ́ kọ láìfi ìlà yẹn sí i, torí pé kò ní jẹ́ kí ẹ̀rín wá.

Àkọlé rẹ̀ ni "Davatka àti Àwọn Òròmọdìyẹ Rẹ̀." Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni iléèwé fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo ń nu pátákó, mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́."

"Àǹtí Emerencija. Ẹ wọlé."

"Níbí náà ti tó. Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní ẹ̀yin náà ti di òròmọdìyẹ." Kò rẹ́rìn-ín. Ó so gèlè dúdú mọ́ àgbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n nítorí omi tútù. "Mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ mọ̀wé kọ. Ibi tí ẹ ti ní mo máa ń kùn bí oyin tó há sínú ìgò, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òótọ́ ni, mo máa ń kùn."

"Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́, Àǹtí."

"Mi ò bá ìyẹn wá. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo bá wá, nítorí pé ẹ kàwé, èmi ò kà púpọ̀." Ó mí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá mi kan wà tó ń jẹ́ Viktė. Davatka ni òun náà. Láyé ìgbà tí ọba Rọ́ṣíà ní a ò gbọdọ̀ fi lẹ́tà tiwa tẹ ìwé, abẹ́ yẹ̀rì ni Viktė ń kó ìwé àdúrà sí. Ìdí òwú tó ń ran ló jókòó sí tó fi kọ́ ọmọ tó lé ní ogójì ní ìwé kíkà. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ní davatka ń bọ̀, ọkùnrin ń ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó ń fi orin bú u."

"Mo ti gbọ́ nípa wọn."

"Ó sọ fún mi pé davė ló bí ọ̀rọ̀ náà. Pé ẹni tó fi ara rẹ̀ fúnni ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Nínú èdè wa, davė ni "ó fúnni." Ìró méjèèjì jọra lóòótọ́. Ǹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa lọ. Àmọ́ tíṣà ni mí, ẹnu mi kò lè gba àṣìṣe kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, Àǹtí. Wọ́n jọra létí lásán ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Póláǹdì ló ti wá, láti inú Látìnì."

"Kí ló wá jẹ́ ní Látìnì?"

Mo wo ẹfun tó wà lọ́wọ́ mi. "Obìnrin tí a fi ẹ̀jẹ́ yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run."

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná sí lọ́wọ́ nígbà òtútù. "Nígbà náà, Viktė kò ṣìnà jìnnà."

"Kò jìnnà."

"Ṣé ẹ ti mọ èyí kí ẹ tó kọ tiyín?"

Mi ò lè purọ́. "Mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó tún gèlè rẹ̀ so, ó ní kí n kí ọmọ mi, ó sì lọ.

Ẹ̀rín wa kò dáàbò bò ó. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì wá láti ìlú. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Bružas, wọ́n sì ní kí wọ́n mú Jovita Mikutytė wá láti kíláàsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn kí á yìn ín. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n fún un ní súìtì. Wọ́n bi í bóyá ó lè ka àdúrà tó gùn. Ó kà á láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n yìn ín. Wọ́n bi í ẹni tó kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, ó sọ. Wọ́n ní kí ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́, ó ka mọ́kànlá.

Aṣọ pẹpẹ ni Emerencija ń lọ̀ nígbà tí wọ́n wá mú un. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí òun gbé ayọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Wọ́n ṣe sùúrù.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, wọ́n fi ọkọ̀ oko kó wa lọ sí ìlú. Àwọn òbí jókòó sí ìlà iwájú, ojú wọn wo ilẹ̀. Adájọ́ béèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀.

"Davatka," ni ó wí.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri iléèwé, ẹ̀yin ará ìlú sì dà á kọ sínú ìwé ẹ̀sùn. Mo rò pé ó ti di iṣẹ́ ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kejì yìí kò dùn mọ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Ó bá pè mí. Ó mú ìwé tí mo kọ dání. Ó ní kí n dúró, kí n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ èdè.

Mo ní, "Obìnrin alágàbàgebè tó ń ṣe àṣejù nínú ẹ̀sìn."

"Ṣé ó tán?"

Mo wo Emerencija. Òun náà ń wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò sì bínú. Bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì mi tó gbàgbé ìlà tó kàn nínú ewì ló ṣe ń wò mí. Ó ń retí kí n rántí.

"Ó tán," ni mo wí.

Ó tẹrí ba. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Lọ́dún yẹn, iṣẹ́ mi kò bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi kọ́ ìrìn, ọkọ mi ní mo ti rù. Fadá Rapolas, arúgbó tó ń ṣe Máàsì fún wa, máa ń kí mi lójú ọ̀nà bí ó ti ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló nira jù. Ì bá ṣe pé ó gbójú kúrò, ara ì bá tù mí.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1976, Emerencija padà dé. Ikọ́ ti jókòó sí i láyà. Oko ti kó àpò àjílẹ̀ kún yàrá rẹ̀, Fadá bá wá ibì kan fún un lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ Máàsì sí. Mo gbé ọbẹ̀ bíìtì, gbòǹgbò pupa tí a ń sè, àti búrẹ́dì dúdú lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi láti ilé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo sọ ọ́ ní ìdàrúdàpọ̀.

Ó gbọ́ mi títí. Ó bu búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Mo ti dárí jì yín nínú àdúrà," ni ó wí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́. Àmọ́ Tíṣà, inú mi kò tíì gbà. Mi ò fẹ́ tàn yín."

Omi lé sí ojú mi. Kò fi ọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Jovita ńkọ́?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Láti ọjọ́ ẹjọ́ yẹn, Jovita kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mọ́. Ó ti jẹ apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì di àkísà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní Ajẹ́rìí. Ìyá rẹ̀ sì ti ní kò gbọdọ̀ ya ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Emerencija gbé síbí sílẹ̀. "Ọdún kan gbáko ni ọmọ yẹn fi gbé e, kò sì sí nínú ẹ̀yin àgbà tó bá a sọ ọ́ kalẹ̀?"

Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èyí tó kọ́kọ́ sọ lọ.

Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúró níbi tí wọ́n ń gba wàrà láàárọ̀, ojú ọ̀nà tí Jovita ń gbà lọ síléèwé. Kì í pè é. Ó kàn dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí i pé òun wà láàyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Jovita rí i, ó sá gba inú oko lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó sá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń sá. Àwọn obìnrin tó gbé wàrà wá ń fi Emerencija ṣe yẹ̀yẹ́: "Davatka, ṣé màlúù tuntun lo ní ni?" Òun náà á dáhùn pé, "Màlúù mi ń jẹko lọ́wọ́, ó ń bọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń bá a ká aṣọ, tí ilẹ̀kùn ṣí. Jovita ni. Kò wọlé. Ó dúró lórí ìloro, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ń fún èèyàn ní búrẹ́dì níbẹ̀?"

"Wọ́n ń fúnni. Ó kan, ó sì le, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni."

"Ṣé wọ́n nà yín?"

"Wọn ò nà mí. Aṣọ ni mò ń rán. Ìbọ̀wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́."

Ọmọ náà ronú. "Wọ́n ní èmi ni mo rán yín lọ."

"Ìwọ kọ́. O ka àdúrà tí mo kọ́ ọ, o kà á pé. Àwọn àgbàlagbà ló rán mi lọ." Kò wo ibi tí mo wà rárá nígbà tó ń sọ ọ́. "Wọlé wá mu ọbẹ̀, ìloro yẹn tutù."

Jovita wọlé. Ó mu ọbẹ̀. Ó tó oṣù kan sí i kí ó tó nawọ́ ní kíláàsì, ìyẹn náà kì í ṣe lójoojúmọ́.

Ikọ́ yẹn kò fi Emerencija sílẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin ni ó fi bá a jà. Mo máa ń lọ, a máa ń ṣiṣẹ́ papọ̀, a kò sì tún sọ̀rọ̀ kóòtù mọ́. Bóyá inú rẹ̀ padà gbà, bóyá kò gbà, mi ò bi í. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1980, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí Fadá ń ka ìwé fún un.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ín, wọ́n kéde pé iṣẹ́ pàjáwìrì wà lóko, kí gbogbo ọkùnrin jáde. Àwọn obìnrin ló wá gbé pósí. Yìnyín ń yọ́, ẹrẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà ibi ìsìnkú. Mo wà lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ mi wà nínú àpò, torí pé mo mọ̀ pé ẹnì kan ń kọ orúkọ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì oko. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ obìnrin kan yọ̀, pósí fì sápá kan. Jovita ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Ó jáde láàárín èrò, ó di ọwọ́ pósí mú. Ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn ọgbà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi ọwọ́ pósí sílẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi.

"Tíṣà, ẹ wá bá wa gbé e. Ó ń bọ́."

Mo yọ ọwọ́ mi jáde, mo lọ gbé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bružas pè mí. Kò ti ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti darúgbó.

"Mo ní kí o má lọ síbi ìsìnkú yẹn, Danguolė."

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe."

Wọ́n ní ẹni bíi tèmi kò yẹ níwájú ọmọdé. Wọ́n fi mí sí ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà, mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń fọ agolo. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí ọwọ́ mi kò tíì mọ omi tútù, àwọn obìnrin tó gbé wàrà wá a máa wò mí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí, mo sì mọ̀ pé davatka ni wọ́n ń pè mí.